Fèrè Tí Gbénró Kò Gbọ́

Àwọn kan ṣì wà ní Èrúwà títí di òní tí wọ́n ń sọ pé oògùn ni Àjíkẹ́ ń lò. Ẹnu wọn ni, kí wọ́n máa fi sọ ọ́. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Ìborùn pupa lásán ni, èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń dà léjìká lọ́jọ́ ọdún Ṣàngó, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló sì ń gbé e sókè fún. Àmọ́ bí mo bá ní Àjíkẹ́ kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ oògùn yìí, irọ́ ni mo pa. Òun gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín, tó tún ń bomi rin ín.

Gbénró ni àbúrò náà. Ọmọ Igbó-Ọrà ni àwọn méjèèjì, láti agboolé oníṣàngó kan lápá ọ̀nà Ìdèrè. Gbénró kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí àìsàn ọrùn gígan wọ ìlú, tó pa ọmọ mẹ́rin nínú agboolé wọn. Òun kò kú. Ibà náà lọ, ó dìde jókòó, ó mu ẹ̀kọ, gbogbo ilé ń dúpẹ́. Ọjọ́ kẹta ni Àjíkẹ́ kíyè sí i pé bí òun bá pè é láti ẹ̀yìn, kì í wẹ̀yìn. Ó gbé ìkòkò kan, ó là á mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọmọ náà. Ìkòkò fọ́ yángá, ọmọ ò mira. Ọmọ ọdún méjìlá ni Àjíkẹ́ nígbà yẹn. Ìyá wọn ti nà án nítorí ìkòkò kó tó rí àlàyé ṣe pé etí Gbénró ti lọ.

Kò sí ilé-ìwé adití ní gbogbo Ìbàràpá, ta ni yóò wá kọ́ wọn? Àwọn méjèèjì fúnra wọn ló ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ọwọ́ wọn. Bí Àjíkẹ́ bá fọwọ́ kan imú, ìyá wọn ló ń wí. Bó bá gbá àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, oúnjẹ ti jinná. Nígbà tí ọdún mẹ́ta fi máa kọjá, kò sóhun tí wọn ò lè sọ fún ara wọn mọ́: ẹ̀fẹ̀, èébú, àròyé, títí kan ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn nípa àwọn àgbààgbà tó jókòó síwájú wọn. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, àwọn àgbà á máa bínú. Ìyá wọn mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, àwọn ará ilé mọ “wá” àti “lọ” àti “jẹun”. Ó tán síbẹ̀.

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ti Gbénró wà lójú ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ibi tó sì ti hàn ni pápá bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, ńṣe ló máa ń yọ́ wọ pápá ilé-ìwé kan n'Ígbó-Ọrà tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá rí i! Yóò ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kí ẹni tó fẹ́ gbá a tó mọ̀. Ó ń wo èjìká, ó ń wo orúnkún, ó ń wo ojú gólì, nígbà tí àwọn yòókù ń pariwo “jù ú síbí, jù ú síbí”. Tíṣà Adéníran ló rí i lọ́dún 1965. Ọmọ ìjọ ni Tíṣà, ó ń kọ́ni ní Èrúwà, òun náà ló sì ń tọ́jú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí Akínladé onílọ́rì dá sílẹ̀. Akínladé ní lọ́rì mọ́kànlá, ó sì gba agbábọ́ọ̀lù mẹ́rìndínlógún síṣẹ́. Ìwé ní mẹkáníìkì ni wọ́n. Ìyẹn ni ìwé wí o. Iṣẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi ń gba owó oṣù. Báyìí ni Gbénró ṣe di òṣìṣẹ́.

Fèrè ló kọ́kọ́ fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Láàárín pápá, Gbénró máa ń wo àwọn yòókù, bí wọ́n bá dúró, òun náà á dúró. Ṣùgbọ́n tó bá ti sá kọjá gbogbo wọn, tó dojú kọ gọ́ọ̀lù, ta ni yóò tún máa wò? Rẹfirí á fọn fèrè títí ọ̀fun rẹ̀ á fi gbẹ, ọmọkùnrin á máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lé e jáde lóṣù kan. Tíṣà fẹ́ dá a padà sílé, ó sì ránṣẹ́ pe Àjíkẹ́ kó wá mú un. Àjíkẹ́ ti wà nílé ọkọ nígbà yẹn, ó ti fẹ́ Àkànó kápẹ́ńtà, ó ti bí Ọláyẹmí. Ó wọ lọ́rì lọ sí Èrúwà, ó gbọ́ ẹjọ́ tán, ó ní kí Tíṣà fi í sílẹ̀ fún òun.

Ìborùn pupa ìyá rẹ̀ ló mú wá, torí pé aṣọ funfun àti àdìrẹ ló pọ̀ lára àwọn òǹwòran, pupa nìkan ni ojú lè tètè mú. Ẹ̀yìn gọ́ọ̀lù àwọn alátakò ló ń dúró sí. Bí aṣọ bá wà lọ́rùn rẹ̀, kí Gbénró máa gbá a lọ. Bí fèrè bá dún, aṣọ á gòkè, Gbénró á sì dúró. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹfirí Ìbàràpá ló mọ̀, wọ́n sì gbà á. Ọdún mẹ́fà ni Àjíkẹ́ fi tẹ̀lé e káàkiri, láti Ayétẹ̀ dé Ìgàngán, tó gbé ọmọ pọ̀n, tí Àkànó ń bi í bóyá bọ́ọ̀lù ló fẹ́ ẹ ni àbí òun.

Ọdún mẹ́fà yẹn dára. Yàtọ̀ sí ọdún tí àwọn àgbẹ̀ dìde nítorí owó orí, tí kò sẹ́ni tó ráyè bọ́ọ̀lù, kò sí ọdún tí Gbénró kò gbá gọ́ọ̀lù tó ogún sínú àwọ̀n. Àwọn ará Èrúwà mọ̀ pé kò gbọ́ ariwo, wọn kì í pariwo fún un. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n máa ń nà sókè, gbogbo pápá á kún fún ọwọ́, Gbénró á dúró láàárín, á máa wò wọ́n, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀. Àjíkẹ́ náà á máa sunkún lẹ́yìn gọ́ọ̀lù níbẹ̀, á tún máa fi Gbénró ṣẹ̀sín pé ẹkún rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ọkùnrin.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí ò dára. Gólì Ayétẹ̀ kan ló kọ́kọ́ wí i pé nígbà tí obìnrin yẹn gbé aṣọ pupa sókè, ńṣe ni ẹsẹ̀ òun kú. Ọ̀rọ̀ dé Ìgàngán, ó dé Lánlátẹ̀, wọ́n ní ọmọ oníṣàngó ni, wọ́n ní ààrá ló wà nínú aṣọ. Àjíkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ún. Akínladé ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe já wọn nírọ́, kí wọ́n máa bẹ̀rù lọ. Àjíkẹ́ wá kúkú fi tirẹ̀ kún un. Ó ń ra orógbó, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́yìn gọ́ọ̀lù, á tu ú sọ́tùn-ún, á tu ú sósì, ètè rẹ̀ á máa mì bí ẹni ń pe ọfọ̀. Kí ló ń pè? Á ní ebi ń pa òun, oòrùn yìí mà mú o, ta ló mọ̀ bóyá Àkànó ti tẹ ẹ̀bà. Ìyá rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé a kì í fi Ṣàngó ṣeré. Ó ní eré ni, Màmá. Inú rẹ̀ ń dùn, ẹ ò gbọ́? Obìnrin tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn ọkùnrin gìrìpá ń yà fún un lọ́nà.

Lọ́dún 1971 ni ìròyìn dé pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Òkè ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ ńlá kan ló rán an, ó sì fẹ́ wo Gbénró. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, Gbénró ń lọ sí Ìbàdàn nìyẹn, níbi tí wọ́n ti ń wọ bàtà gidi, tí ìwé ìròyìn ń ya fọ́tò èèyàn. Àjíkẹ́ ò lè sùn. Tíṣà Adéníran pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Ìyá Ọláyẹmí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí ọkùnrin yìí má gbọ́ pé etí Gbénró kò gbọ́ nǹkan. Ta ni yóò wá láti Ìbàdàn wá mú adití? Tó bá ti tọwọ́ bọ̀wé, ó bùṣe.” Àjíkẹ́ gbà. Tíṣà sọ fún Akínladé, Akínladé sọ fáwọn ará Èrúwà, gbogbo ìlú sì pa ẹnu mọ́. Ìfẹ́ ni, mi ò lè bá wọn wí.

Ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ kan láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n bá pàdé lọ́jọ́ náà, ní pápá Igbó-Ọrà. Rẹfirí náà, àlejò ni. Abíọ́nà ni orúkọ gólì wọn, ọmọ ọdún méjìlélógún, ọmọ kan ṣoṣo ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé adití ni Gbénró. Ohun tó ti gbọ́ ni ọ̀rọ̀ aṣọ pupa. Nígbà tí wọ́n yí ẹ̀gbẹ́ padà lẹ́yìn ìsinmi, ó rí i pé obìnrin náà dìde, ó yí pápá po, ó tún wá dúró sẹ́yìn òun, ó ń jẹ orógbó, ó ń tu ú sọ́tùn-ún sósì. Fèrè dún, aṣọ gòkè. Abíọ́nà ké sí rẹfirí pé òun ò ní ṣọ́ ilé mọ́ àfi tí wọ́n bá mú obìnrin yìí kúrò.

Àwọn alátìlẹ́yìn wọn ya wọ pápá. Wọ́n yí Àjíkẹ́ ká. Wọn ò jẹ́ fọwọ́ kan aṣọ náà o, igi ni wọ́n fi já a gbà lọ́rùn rẹ̀, tí wọ́n fi gbé e sínú korobá, tí wọ́n dé e mọ́lẹ̀. Rẹfirí dé, ó bi í pé kí ni aṣọ náà wà fún. Àjíkẹ́ gbójú sókè. Tíṣà Adéníran ń wò ó, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ pé kó má sọ ọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tíṣà ni àlejò Ìbàdàn dúró sí, ó dé fìlà, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń fetí sílẹ̀.

“Aṣọ ìyá mi ni,” ló fi dá rẹfirí lóhùn.

“Ṣé oògùn ni?”

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀. Adití ni àbúrò mi, aṣọ náà ni mo fi ń pè é. Gbólóhùn kan péré ni. Àjíkẹ́ ò sọ ọ́. Ó wolẹ̀, rẹfirí sì gbà pé ó ti jẹ́wọ́, ó ní kí ọlọ́pàá mú un kúrò létí pápá. Láti ọ̀nà jíjìn, láàárín orí àwọn èèyàn, Gbénró ń ju ọwọ́ sí i pé kí ló dé. Kò rí aṣọ tí wọ́n gbà, èrò bò ó. Àjíkẹ́ na ọwọ́ sókè, ó dá a lóhùn pé kò sí nǹkan, kó máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, pé òun wà níbí. Èrò ọkàn rẹ̀ ni pé òun á yí gba ẹ̀yìn èrò, òun á tú gèlè orí òun, òun á fi ṣe é. Ọlọ́pàá náà ò fi í sílẹ̀. Ẹ̀yìn èrò ló fi í sí, ó gbé kóńdó dábùú ọ̀nà.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù gígùn kan sí Gbénró. Ó ti kọjá gbogbo wọn kí bọ́ọ̀lù náà tó kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tó gbá a, ni rẹfirí bá fọn fèrè. Gbogbo pápá dúró. Abíọ́nà náà gbọ́, ara rẹ̀ wálẹ̀, ó rọra rìn síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé bọ́ọ̀lù tó ń yí bọ̀. Àjíkẹ́ tú gèlè, ó ń fò sókè lẹ́yìn èrò, ó ń pariwo orúkọ ẹni tí kò lè gbọ́ orúkọ rẹ̀. Gbénró gbójú sókè, ó wo ibi tí pupa máa ń wà. Kò rí pupa lókè. Ó fi gbogbo ara rẹ̀ gbá a.

Orí Abíọ́nà ni ẹsẹ̀ náà bà.

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn nínú lọ́rì Akínladé. Ó lo ọjọ́ méjì, kò lajú. Lọ́jọ́ kẹta, ó kú.

Ní ọjọ́ bọ́ọ̀lù yẹn gan-an, kí wọ́n tó tú ká, tí ọlọ́pàá ti mú Gbénró lọ, Tíṣà Adéníran wá kígbe òótọ́ jáde níwájú gbogbo èèyàn pé adití ni, adití ni, kò gbọ́ ni. Ọ̀gbẹ́ni Òkè wò ó. Àjíkẹ́ wà níbẹ̀, ó gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà sọ, títí ó fi kú kò gbàgbé rẹ̀.

“Tíṣà, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti gbọ́ pé adití ni. Ta ni kò mọ̀? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo wá wò.”

Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì ikú Abíọ́nà, ọ̀gá ọlọ́pàá Èrúwà ránṣẹ́ pe Àjíkẹ́, torí wọn ò rí ẹni tó lè gbọ́ ẹnu Gbénró. Wọ́n mú Gbénró jáde, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ọ̀gá náà ní kó bi í ìdí tó fi gbá ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, nígbà tí fèrè ti dún. Àjíkẹ́ fi ọwọ́ bi í. Gbénró fi ọwọ́ dáhùn. Ó ní òun wo ibi tí Àjíkẹ́ máa ń dúró sí, òun ò rí pupa. Ó bi í pé, “Ṣé o gbé e sókè?”

“Kí ló wí?” ọ̀gá ọlọ́pàá bèèrè.

Ẹ má sọ pé ẹ̀yin ò ní ṣe é. Àjíkẹ́ mọ̀ pé bí òun bá ní rárá, Gbénró á bi òun pé kí ló dé, òun á sì ní láti sọ fún un pé òun dákẹ́ níbi tó yẹ kí òun sọ̀rọ̀, pé dídákẹ́ yẹn ló pa ọmọ ọlọ́mọ. Ó wo ojú àbúrò rẹ̀, kò lè ṣe é. Kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó lè sọ fún Gbénró pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì, ó sì dá Gbénró lóhùn.

“Mo gbé e sókè. Ìwọ ni o kò wò dáadáa.”

Ó wá yíjú sí ọlọ́pàá, ó ní, “Ó ní òun ò rí nǹkan kan, ọ̀gá.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti ọwọ́ náà ò yàtọ̀. Gbénró fọwọ́ kan ojú rẹ̀ ọ̀tún, ó kan òsì, ó mi orí. Ó ti gbà á gbọ́.

Wọ́n dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, pé kò mọ̀ọ́mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn alákòóso bọ́ọ̀lù ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan pápá mọ́ láyé, Akínladé sì tú ẹgbẹ́ ká. Gbénró ò tilẹ̀ bèèrè ìyẹn. Ohun tó bèèrè ni kí Àjíkẹ́ mú òun lọ sílé ìyá Abíọ́nà. Wọ́n lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà obìnrin náà láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Obìnrin náà jáde lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó, ó wọlé padà. Àjíkẹ́ dúró sábẹ́ igi, kò lè wo èyíkéyìí nínú wọn lójú.

Gbénró kó lọ sí oko àbúrò ìyá wọn ní Ìgàngán, ó ń gbin ẹ̀gẹ́ àti iṣu. Àjíkẹ́ ń lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́rin, ohun tó sì ń rí ń já a láyà. Gbénró ò dá kọjá títì mọ́. Bó bá dé etí títì, á dúró títí ẹnì kan á fi wá dì í lọ́wọ́ mú. Kì í ro oko tí ẹlòmíràn bá wà nítòsí, kí àdá òun má lọ ba èèyàn. Ojú tó fi ń gbọ́ràn, tó fi ń mọ ẹni tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn òkè, ó ní kò dára mọ́, pé ó ti tàn òun jẹ nígbà kan, tó fi pààyàn. Lọ́jọ́ kan ó mú Àjíkẹ́ lọ sídìí ebè, ó ní kó ka iye iṣu tó kó jọ síbẹ̀. Àjíkẹ́ ní méje ni. Òun náà ti rí méje. Síbẹ̀ ó tún kà á, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́.

Ọdún karùn-ún nìyẹn. Àjíkẹ́ ò lè fara dà á mọ́. Ó sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀ sínú poro ebè, ó dojú kọ ọ́, ó sì fi ọwọ́ sọ gbogbo rẹ̀. Ojú rẹ kò ní àrùn. Kò sí aṣọ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti gbà á. Wọ́n bi mí, mi ò sọ pé adití ni ọ́, torí mo fẹ́ kí o dé Ìbàdàn. Mo parọ́ fún ọ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Gbénró ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ọwọ́ rẹ̀ wúwo. Ó ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì ń wo ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe wo iṣu. Nígbà tó parí, Gbénró fi ọwọ́ ṣe ẹni tó bẹ̀rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù, ó sì bi í pé ta ló pa á. Àjíkẹ́ fọwọ́ lu àyà ara rẹ̀.

Gbénró pa ojú rẹ̀ dé.

Àjíkẹ́ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, Gbénró ò là á. Ó mì í, ó sunkún, ó kúnlẹ̀ fún àbúrò tó bá ìyá rẹ̀ tọ́, kò là á. Ìgbà tó gbẹ́rù rẹ̀ tó kúrò lóko ni Gbénró tó lajú, ó gbé àdá, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń dá kọjá títì. Ó ń ro oko pẹ̀lú èèyàn. Bí Àjíkẹ́ bá wá, á dọ̀bálẹ̀ kí i, á gba oúnjẹ tó gbé wá, á jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí i pé Àjíkẹ́ fẹ́ gbé ọwọ́ sókè, á pa ojú dé títí yóò fi sọ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún bá Gbénró sọ̀rọ̀ mọ́.